Pọ́ǹpù Tí Hàfísátù Fi Tẹ̀súbáà Wọ̀n

Ara Hàfísátù kì í gbé ojú kan. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì. Bó bá dìde, á máa wá ohun tí yóò tún tò lẹ́yìn èyí tó ti tò tán. Gbogbo àdúgbò Kalley ní Niamey ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ààfáà Àbdùlrásàq, bàbá rẹ̀, ọmọ Ìlọrin tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ti bá a wí títí ó fi sú u. Àwọn Zarma tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ fún un: "Kala suuru, Hàfísátù, kala suuru." Kó ṣáà ní sùúrù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó sì ti gbọ́ kala suuru débi pé bí ẹnìkan bá ti la ẹnu báyìí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bá a parí rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Mọ́nsúrátù fi bá a lára mu. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni Àǹtí Mọ́nsúrátù. Ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù ní Yantala, àwọn èyí tí ará Niamey ń pè ní "France au revoir", nítorí pé òkè òkun ni wọ́n ti dágbére fún wọn kí wọ́n tó kó wọn wá bá wa. Pọ́ǹpù epo ló pọ̀ jù nínú ọjà náà. Kò sì sí oníbàárà tó ń gbé pọ́ǹpù lọ láìjẹ́ pé Hàfísátù ti dán an wò. Yóò ki pọ́ǹpù bọ inú kẹ́ẹ̀gì epo, yóò so wáyà rẹ̀ mọ́ bátìrì, yóò ki ẹnu rọ́bà sínú ìgò lítà méjì, yóò wá mú tẹ̀súbáà rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka Subhánálláhì. Pọ́ǹpù tó bá rọ epo kún ìgò kó tó ka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ojúlówó ni. Èyí tí kò bá rọ ọ́ kún, kó padà sínú páálí. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Òun ló dá a rò, nítorí tẹ̀súbáà kì í jìnnà sọ́wọ́ ọmọ Ààfáà. Orúkọ rẹ̀ sì kàn láàrin àwọn mẹkáníìkì: pọ́ǹpù tí ọmọ Alfaga, bí àwọn Zarma ṣe ń pe Ààfáà, bá ti ka tẹ̀súbáà lé lórí, ẹ gbé e lọ.

Bí Nùrẹ́nì ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń da eruku sójú gbogbo ayé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé pọ́ǹpù kan kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ń fi Faransé sọ pé ibí ni wọ́n ti tà á fún òun, ọ̀sẹ̀ kan péré, ó ti kú. Hàfísátù náà fi Faransé dá a lóhùn pé ọjà tí òun tà kì í kú lọ́sẹ̀ kan. Ọkùnrin náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń kùn ní Yorùbá.

"Ẹ wo ẹnu tó mú bí abẹ. Ta ló máa fẹ́ eléyìí sílé?"

"Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n máa ń kí èèyàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà," Hàfísátù dáhùn, ní Yorùbá.

Ojú ti Nùrẹ́nì débi pé ó ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó tún dé e padà.

"Ẹ má bínú. Ẹ káàsán."

"Wáyà wo lẹ fi gbé iná fún un?"

"Èyí tó bá ọkọ̀ wá."

"Wáyà tín-ínrín yẹn? Pọ́ǹpù ńlá, ẹ wá ń febi pa á. Ẹ fi wáyà nínípọn sí i, kẹ́ ẹ padà wá bú mi lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ṣùgbọ́n kò bú u. Kílíṣí ló wé sínú bébà wá fún un. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá ra rọ́bà. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ra ìdè rọ́bà mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ méjì ló nílò. Àǹtí Mọ́nsúrátù, tí kò sí ohun tó ń fò ó lójú, ní kò burú, kí Hàfísátù bá òun kí oníbàárà àwọn dáadáa.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Nùrẹ́nì. Bàbá Ìdrìsù, bàbá rẹ̀, ń ta aṣọ ní ọjà ńlá, ó sì ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ kí ọmọ òun wá jókòó ti òun nídìí igbá aṣọ. Ẹ́ńjìnnì ni ọmọ rẹ̀ yàn. Ó ya ilẹ̀ kékeré kan ní Yantala, ó fi páànù bò ó, ibẹ̀ ló ti ń tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe. Ọkọ̀ tirẹ̀ gan-an, Toyota Sítálẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kéré bí ẹnu ológbò, ló fi túbò sí, tó ń fi bá àwọn ọkọ̀ ńlá sáré lórí títì tuntun ní ẹ̀yìn Bobiel.

"Iṣẹ́ túbò kò ju pé kó máa ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì," ó ṣàlàyé fún Hàfísátù lọ́jọ́ kan, "ju èyí tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè fà lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo náà gbọ́dọ̀ pọ̀. Bí epo bá wá kéré, iná inú rẹ̀ á gbóná jù, á yọ́ písítìnì bí ẹní yọ́ òrí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń yọ ara yín lẹ́nu, Bọ̀ọ̀dá Nùrẹ́nì? Kẹ́ ẹ máa wa ọkọ̀ yín jẹ́jẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Gbogbo eré náà kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá lọ. Láàrin mẹ́rìnlá yẹn, n kì í rántí pé bàbá mi ń bínú sí mi."

Hàfísátù ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ òun tó máa ń mì ti dúró jẹ́ẹ́, ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó délé, kò lè jẹun. Ìfẹ́ ni, kí ni à bá tún pè é? Ó rí ẹlòmíì tí ara rẹ̀ kì í gbé ojú kan bíi tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ti tẹ̀ lé e lọ.

Ní oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, Nùrẹ́nì wá ra pọ́ǹpù tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun àti ọmọkùnrin olówó kan tó ń jẹ́ Àmír yóò sáré ní Bobiel, ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn kí ààwẹ̀ tó wọlé, òun yóò sì yí túbò sókè lọ́jọ́ náà ju bí òun ti yí i rí lọ. Hàfísátù yan pọ́ǹpù tó dára jù nínú páálí, ó ki í bọ inú kẹ́ẹ̀gì, ó mú tẹ̀súbáà. Ìgò ti kún nígbà tó ka mọ́kàndínlógún.

"Mọ́kàndínlógún," ó sọ, inú rẹ̀ dùn. "N kò rí irú ẹ̀ rí. Ẹ lè gbọ́kàn lé e."

"Bó o bá ti ní ó dáa, ó dáa. N kò ní dán an wò mọ́." Nùrẹ́nì ń wé pọ́ǹpù náà sínú àkísà, kò wo ojú rẹ̀. "Ṣàmsúdéènì ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ nílé yín lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ó jáde. Hàfísátù jókòó, ó ń ka tẹ̀súbáà lọ ràì, ó ka ọgọ́rùn-ún kọjá kó tó rántí pé kò sí pọ́ǹpù kankan nínú kẹ́ẹ̀gì mọ́.

Ṣàmsúdéènì yìí, fóònù ló ń tà. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ọjà, ì bá ti là. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó jókòó síwájú Ààfáà lórí ẹní, ó ti fi obì kalẹ̀, Hàfísátù sì wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń gbọ́.

"Ààfáà, òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín."

"N kò ní ọgbà," Ààfáà dáhùn. "Ilé kéwú ni mo ní. Ọmọ ta ni, iṣẹ́ wo ló sì ń ṣe?"

"Ọmọ Bàbá Ìdrìsù aláṣọ ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Mẹkáníìkì ni, Ààfáà, kì í sì ṣe mẹkáníìkì lásán. Kò sí ẹni tó lè bá a sáré ní Niamey yìí. Túbò tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ gan-an, kò rà á. Ó jẹ ẹ́ ni."

"Ó jẹ ẹ́ báwo?"

"Òun àti ẹnìkan ló jọ sáré, wọ́n ní ẹni tó bá gbẹ̀yìn kó tú túbò rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òun àti Àmír tó ń bọ̀ yìí: ẹni tó bá gbẹ̀yìn, kó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ." Tayọ̀tayọ̀ ló ń sọ ọ́, àfi bí ẹni ń ki ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn kọ́tìnnì, Hàfísátù di ẹnu rẹ̀ mú. Nùrẹ́nì kò sọ èyí fún un rí. Eré lásán ló rò pé wọ́n ń sá.

Ààfáà wo obì náà. "Àwọn méjèèjì ló fi nǹkan kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á wá kó gbogbo rẹ̀ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Ààfáà."

"Tẹ́tẹ́ nìyẹn. N kò bá eré jà. Bàbá bàbá mi sáré ẹṣin ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n n kò ní fọmọ fún onítẹ́tẹ́. Gbé obì rẹ."

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó pe Hàfísátù. Kò pariwo, Ààfáà kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló máa ń dẹ́rù ba èèyàn. Ó ní Bàbá Khàlíd, ọ̀rẹ́ òun, ti ránṣẹ́ láti Ìlọrin lẹ́ẹ̀mejì láti tọrọ Hàfísátù fún ọmọkùnrin rẹ̀, kí ààwẹ̀ sì tó wọlé, òun yóò dá a lóhùn.

"Títí di ìgbà yẹn, ṣé mo lè gbọ́kàn lé ọ pé o kò ní bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀, ì báà ṣe lẹ́nu, ì báà ṣe lórí fóònù?"

"Ẹ lè gbọ́kàn lé mi, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn láti sọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló wá mọ ohun tí ẹnu òun gbé jẹ. Ó ń bínú sí Nùrẹ́nì, ó sì ń wá a. Bí mọ́tò kékeré kan bá kọjá ní títì, ọrùn rẹ̀ á ti gùn kọjá tábìlì kó tó mọ̀. Ó fọ gbogbo páálí ṣọ́ọ̀bù, ó to rọ́bà láti kékeré dé ńlá, ó tún tò ó láti ńlá dé kékeré. Ọjọ́ kan ni Ṣàmsúdéènì yọjú, orí rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Ó ní kí n sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu òun fún Àmír, òun kò lè yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí eléyìí bá parí, òun kò ní fi ohunkóhun sílẹ̀ lórí eré mọ́ láyé òun. Kí n sọ kí ni fún un?"

Hàfísátù mi orí. Ó ti ṣèlérí fún bàbá rẹ̀. Ṣàmsúdéènì dúró, ó wò ó, ó lọ.

Ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ eré ni nǹkan yí padà. Oníbàárà kan ń dúró de pọ́ǹpù; irú èyí tí Nùrẹ́nì rà gan-an ni. Hàfísátù ki í bọ inú kẹ́ẹ̀gì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Subhánálláhì. Ó ka mọ́kàndínlógún, ìgò kò tí ì dé ìlàjì. Ó ka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò kún. Ó wolẹ̀. Àǹtí Mọ́nsúrátù tó dìde láti mú omi ló fi ẹsẹ̀ kan tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀, kò sì mọ̀.

"Àǹtí, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò."

Epo tú jáde, ó ya wìì sínú ìgò. Oníbàárà sanwó, ó lọ. Ṣùgbọ́n Hàfísátù kò kúrò níbẹ̀. Ó ki pọ́ǹpù mìíràn bọ inú kẹ́ẹ̀gì, ó fi ìka méjì fún rọ́bà rẹ̀ díẹ̀, ó kà á. Ó fún un le sí i, ó tún kà á. Bó ti ń fún un le tó ni ìgò ń pẹ́ tó kó tó kún. Nínú ìgò, kò sí ohun tó ń ti epo sẹ́yìn. Ẹnu rọ́bà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ Nùrẹ́nì, afẹ́fẹ́ tí túbò ń ki wọlé náà ni yóò máa ti epo padà. Bí túbò bá ṣe le tó ni epo yóò ṣe kéré tó, ní àkókò tí ẹ́ńjìnnì nílò rẹ̀ jù lọ. Láti ọdún mẹ́ta tó ti ń ka tẹ̀súbáà lé pọ́ǹpù lórí, bí pọ́ǹpù ṣe ń ṣe nígbà tí kò sí ìnira ló ń wọ̀n. Ọkọ̀ ilé lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ Nùrẹ́nì yóò mọ̀ ọ́n lọ́la.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí Mọ́nsúrátù. Àǹtí gbọ́ ọ tán, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù díẹ̀.

"Dákẹ́ ẹnu rẹ," ó ní. "Gbọ́ mi dáadáa. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá jó, kí ló kù? Àmír á gba ọkọ̀, túbò tí wọ́n fi tẹ́tẹ́ jẹ á bá a lọ. Ọmọ yẹn á padà sídìí aṣọ bàbá rẹ̀. Ààfáà kò ní ní ohun tó máa sọ mọ́. Ohun tó o ti ń bẹ Ọlọ́run fún ló ń bọ̀ wá bá ọ nílé yìí, ìwọ fẹ́ dá a padà. Bó o bá sì sọ fún un, tó tún un ṣe, tó borí, ta ló máa sọ fún ẹni tó borí pé kó ṣíwọ́?"

Hàfísátù mọ̀ pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ohun tó máa ṣe ju kó jókòó, kó sì pa ìlérí tó ṣe fún bàbá rẹ̀ mọ́. Ta ló máa bá a wí? Ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ló ń gbọ́: bó o bá ti ní ó dáa, ó dáa.

Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Ààfáà padà láti ìrun Ṣúbúhì, ó bá ọmọ rẹ̀ tó kúnlẹ̀ lórí ẹní ní iwájú ilé.

"Bàbá, mo ní ìbéèrè kan nínú kéwú."

"Béèrè."

"Ẹni tó ta ọjà, tó wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ó lábùkù, kí ló wà lọ́rùn rẹ̀?"

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó. "Kó sọ fún ẹni tó rà á. Mo kọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré."

"Bó bá jẹ́ pé ẹni tó rà á, wọ́n ti ní kó má bá a sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

Ààfáà wò ó. Ojú rẹ̀ pẹ́ lára rẹ̀. "Ọjà wo?"

Hàfísátù sọ ọ́. Ó sọ ti rọ́bà, ti ẹsẹ̀ Àǹtí, ti písítìnì tó ń yọ́ bí òrí. Ó tún sọ ohun tí Àǹtí Mọ́nsúrátù wí, pé òun náà rò ó, pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Ní ibẹ̀ ni ẹkún gbà á. "Mo fẹ́ ẹ, Bàbá. Mo fẹ́ kó pàdánù ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kó gbọ́kàn lé e."

Ààfáà wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ jáde.

"Wọ híjáàbù rẹ. Aago mélòó ni eré náà?"

"Méje. Wọ́n ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣì tutù."

Wọ́n gba títì Bobiel lọ nínú ọyẹ́, agbádá Ààfáà ń fẹ́ lu Hàfísátù lójú. Nígbà tí wọ́n dé, ọkọ̀ méjèèjì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láàrin àwọn ilé tí wọn kò tí ì kọ́ tán, ẹ́ńjìnnì wọn ti ń ké. Àwọn èèyàn la ọ̀nà fún Ààfáà. Àmír sọ̀ kalẹ̀, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, "Fofo, Alfaga", ó wá fi Faransé bi Nùrẹ́nì bóyá àdúrà ni wọ́n gbé Alfaga wá gbà fún un. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Nùrẹ́nì ti jáde nínú ọkọ̀. Nígbà tó rí Hàfísátù, ó dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

"Ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ sọ," Ààfáà wí. "Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ọ̀rọ̀ ọjà nìkan."

Hàfísátù wo ilẹ̀. "Pọ́ǹpù tí mo tà fún yín, mo sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. N kò mọ̀ nígbà yẹn. Mo wọ̀n ọ́n nígbà tí kò sí ohun tó ń tì í padà. Bẹ́ ẹ bá yí túbò sókè bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ yí i, epo kò ní tó. Ẹ́ńjìnnì náà á jó."

"Mo ti fi wa ọkọ̀ láti ọjọ́ yẹn, kò sí—"

"Ẹ kò tí ì yí i dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ yí i dé lónìí."

Òótọ́ ni. Nùrẹ́nì wo ọkọ̀ rẹ̀, ó wo Àmír, ó wo títì tó tẹ́ lọ gbọọrọ. Hàfísátù mọ ohun tó ń rò. Bó bá dín túbò kù, kò lè borí láéláé. Bí kò bá sì sáré, ọkọ̀ ti lọ. Ó tún lè rò pé ọgbọ́n Ààfáà ni gbogbo èyí.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" Nùrẹ́nì béèrè. Ojú Hàfísátù nìkan ló ń wò.

"Ó dá mi lójú."

Nùrẹ́nì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mú sípánà lápò rẹ̀, ó yí nọ́ọ̀tì kékeré ara túbò padà, ó yí i padà, ó tún yí i padà, títí ó fi dé ibi tó wà nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ó padà sínú ọkọ̀.

Eré náà kò pẹ́. Àmír ti yọ ọkọ̀ kan síwájú kí wọ́n tó dé ìlàjì ọ̀nà, nígbà tí wọ́n fi máa dé òpin, ó ti tó ọkọ̀ mẹ́ta. Ariwo ta. Nùrẹ́nì wa Sítálẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó pa á, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó na kọ́kọ́rọ́ sí Àmír. Àmír gbà á, ó jù ú sókè, ó hán an, ó ń fi Nùrẹ́nì ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nùrẹ́nì ti yí ẹ̀yìn padà. Ó wá dúró, ó padà sọ́dọ̀ Àmír.

"Gbọ́," ó fi Zarma sọ fún un. "Pọ́ǹpù inú rẹ̀ kò tó. Má yí túbò yẹn sókè títí wàá fi pààrọ̀ rẹ̀. Á jó mọ́ ọ lọ́wọ́."

Kò sí ẹni tó bi í. Ààfáà Àbdùlrásàq, tó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé, dá ọwọ́ dúró lórí hóró kan.

Nígbà tí wọ́n délé ní Kalley, Ààfáà ní kí Hàfísátù lọ jẹun. Hàfísátù mú ìgbálẹ̀. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Nùrẹ́nì, kò sì mọ̀ bóyá ó jèrè ohunkóhun. Ó gbá àgbàlá, ó tún un gbá. Obìnrin Zarma inú ilé wò ó, ó ní "Kala...", Hàfísátù ní "suuru", ó sì ń gbálẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ààfáà pè é.

"Mo ti dá Bàbá Khàlíd lóhùn."

Hàfísátù jókòó sílẹ̀.

"Mo ní kó má bínú, a ti fún ẹlòmíì." Ààfáà ń wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, kò kà á. "Ẹni tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fi í rẹ́rìn-ín, ọmọ náà ṣì sọ àbùkù ọkọ̀ náà fún un. Ogójì ọmọ ni mò ń kọ́ ní ọ̀rọ̀ yẹn lọ́dọọdún. N kò mọ iye wọn tó máa ṣe é lọ́jọ́ tó bá dùn wọ́n. Kó wá. Kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀ lórí eré mọ́. Kó má sì rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ ẹlẹ́nu gbọọrọ yẹn."

Nùrẹ́nì àti Bàbá Ìdrìsù fẹsẹ̀ rìn wá láti Yantala, nítorí kò sí ọkọ̀. Baba àti ọmọ tí wọn kò jọ rìn láti ọdún mẹ́rin. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Àmír ti fi okùn wọ́ Sítálẹ́ẹ̀tì wá síwájú ṣọ́ọ̀bù Nùrẹ́nì, ojú rẹ̀ kò lè gbé sókè. Ó ti yí túbò sókè. Nùrẹ́nì tú ẹ́ńjìnnì náà, ó gbé písítìnì tó yọ́ wá han Hàfísátù. Hàfísátù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó títí.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ni wọ́n so yìgì. Kó tó di ọjọ́ náà, Àǹtí Mọ́nsúrátù bi Hàfísátù léèrè ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọkọ ní sàdáákì. Ó ti fọkàn yan òrùka wúrà kan sílẹ̀ fún un.

"Géèjì," Hàfísátù dáhùn.

"Kí ni?"

"Géèjì tí wọ́n ń dè mọ́ rọ́bà epo, tó ń fi bí pọ́ǹpù ṣe lágbára tó hàn nígbà tí nǹkan bá ń tì í padà. Wọ́n ní ó wà ní Cotonou. Tẹ̀súbáà nìkan kò tó mi mọ́."

Àǹtí gbé ọwọ́ lé orí. Ṣùgbọ́n Nùrẹ́nì ránṣẹ́ sí Cotonou, nígbà tí wọ́n sì ka sàdáákì síwájú àwọn ààfáà nínú mọ́sálásí, wọ́n ní kí wọ́n tún un kà, ó dá wọn lójú pé wọn kò gbọ́ ọ dáadáa. Ààfáà Àbdùlrásàq tún un kà fún wọn fúnra rẹ̀, ó rọra kà á: géèjì kan.

Lẹ́yìn náà ló wá sí ẹnu kọ́tìnnì yàrá àwọn obìnrin, bó ṣe yẹ kí baba ṣe, láti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Àwọn obìnrin dákẹ́. Ó yẹ kó bi í bóyá ó gbà. Ohun mìíràn ló bi í.

"Hàfísátù, ṣé ó dá ọ lójú?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń mì láti àárọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀ kó lè dúró.

"Ó dá mi lójú, Bàbá," ó ní, Ààfáà sì padà lọ sọ fún wọn.